Rado, Aago Tí Kì í Ní Àpá: Ǹjẹ́ Ẹ̀gàn Tọ́ sí I?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹjọ́ ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn kì í ṣe ènìyàn. Aago ọwọ́ ni. Rado ni orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá dárúkọ Rado lójú ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìkòtún, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ yóò tàn. Yóò sọ fún yín pé aago àwọn gbajúmọ̀ ni, pé kì í ṣe ẹni gbogbo ni apá rẹ̀ ká a láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dá orúkọ kan náà láàárín àwọn olùfẹ́ aago, àwọn tí wọ́n mọ ẹ̀rọ inú aago bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, ẹ ó rí i bí wọn yóò ti yínmú. Wọn yóò ní aago aláriwo ni. Wọn yóò ní ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Wọn yóò ní owó tí a fi rà á kì í padà wọlé. Wọn yóò sì fi kún un pé ẹni tí kò mọ aago ni ó ń rà á. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ aago náà ti gba ẹ̀gàn yìí mọ́ra, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ohun tí ìran kan fi owó òógùn ojú rẹ̀ rà, tí ó sì fi pamọ́ fún ọmọ, kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán dà nù. Bí aago náà kò bá dára, a jẹ́ pé wọ́n yan àwọn bàbá wa jẹ ni. Bí ó bá sì dára, a jẹ́ pé àwa ọmọ ni a ń fi ẹnu ẹlòmíràn bú bàbá wa. Nítorí náà, ó yẹ kí a wá ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Kí a tó dé orí Rado, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ipò tí aago wà láàárín wa kí ó tó dé. Láyé àtijọ́, òòrùn, òjìji àti àkùkọ ni a fi ń mọ àkókò. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé ẹ̀rọ tí ń ka wákàtí dé, agogo tí ń dún nínú rẹ̀ ni etí wa gbọ́, orúkọ agogo náà ni a sì fi pè é: agogo di aago. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ títí di òní pé aago méjì lù, bẹ́ẹ̀ ni aago ọwọ́ kì í lu ohunkóhun. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti fi ènìyàn sílẹ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀, àkókò Èkó fúnra rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan. Ní 1914, wọ́n fi ìṣẹ́jú 30 ṣáájú àkókò Greenwich. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 1919 ni wọ́n tó sọ ọ́ di wákàtí kan gbáko, bí ó ti wà títí di òní.

Akọ̀wé ìjọba, olùkọ́ ilé ìwé àti òṣìṣẹ́ ojú irin ni ó kọ́kọ́ nílò aago lójoojúmọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá wọ aago ọwọ́, a ti mọ̀ pé ó ní ibi tí ó ń lọ, pé àwọn kan ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Rado dé, aago kì í ṣe ohun èlò nìkan mọ́ lójú wa. Ó ti di àmì. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, nítorí pé láti ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1917, nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń jà lọ́wọ́, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan, Fritz, Ernst àti Werner Schlup, dá iṣẹ́ aago sílẹ̀ nínú ilé àwọn òbí wọn ní Lengnau, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Swítsàlandì. Kì í ṣe odindi aago ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ẹ̀rọ inú aago ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n ń tà fún àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ní orúkọ, àwọn wọ̀nyí a sì fi orúkọ tiwọn bò ó. Ogójì ọdún ni ó kọjá kí wọ́n tó kó odindi aago jáde lábẹ́ orúkọ Rado ní 1957. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: àwọn tí a ń sọ lónìí pé wọn kò ní ẹ̀rọ tiwọn, ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1962 ni wọ́n ṣe ohun tí ó sọ wọ́n di olókìkí. Títí di ìgbà náà, wúrà tàbí irin lásán ni wọ́n fi ń ṣe ilé aago, dígí tàbí ike ni wọ́n sì fi ń bo ojú rẹ̀. Bí ó ti wù kí aago náà wọ́n tó, tí ènìyàn bá wọ̀ ọ́ fún ọdún kan, àpá yóò ti kún ara rẹ̀: àpá ògiri, àpá ẹnu ọ̀nà, àpá tábìlì. Rado wá gbé aago kan jáde tí ó pè ní DiaStar. Lẹ́búlẹ́bú tungsten tí a ti pò mọ́ èédú ni wọ́n fi ṣe ilé rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, wọ́n sun ún nínú iná ìléru títí ó fi di ọ̀kan, wọ́n sì fi dáyámọ́ńdì lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Irú irin yìí ni a fi ń gbẹ́ àpáta, òun náà ni wọ́n sì ń tò sí orí ẹ̀rọ tí ń lu kànga epo rọ̀bì. Sáfírè, òkúta tí a kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì lára ìgbayà àlùfáà, ni wọ́n fi bo ojú aago náà. Ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe nínú iná ni, kì í ṣe èyí tí a wà nínú ilẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ti le tó; Vickers ni wọ́n ń pè é. Lórí ìwọ̀n yìí, irin tí a fi ń ṣe aago wà ní nǹkan bí 200. Irin líle ti DiaStar ju 1,000 lọ. Dáyámọ́ńdì sì wà ní nǹkan bí 10,000. Ohun tí ó bá le jù ni ó lè dá àpá sí ara èyí tí ó rọ̀ jù. Ìlérí Rado kò ju ọ̀kan lọ: pé aago náà kò ní ní àpá. Kò ṣèlérí pé òun ni ẹ̀rọ tí ó dára jù láyé. Kò ṣèlérí pé ẹni tí ó rà á yóò fi í jèrè. Ẹjọ́ yìí kò ní ṣòro bí a bá rántí ohun tí olùpèjọ́ béèrè àti ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣèlérí.

Báwo ni aago Lengnau ṣe wá dé ọwọ́ tiwa? Owó epo ni ó gbé e wá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Kí ọdún náà tó parí, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì, iye tí wọ́n ń ta àgbá epo kan sì fò láti nǹkan bí dọ́là mẹ́ta dé nǹkan bí dọ́là méjìlá nígbà tí 1974 fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Udoji jókòó lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n fi èsì jáde ní 1974, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gba àfikún owó oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀ ṣàdédé rí i lójú ọjọ́ kan. Àwọn kan ra ilẹ̀, àwọn kan ra ọkọ̀, àwọn kan gbé ìyàwó. Ọ̀pọ̀ ra ohun tí yóò máa wà lára wọn tí aráyé yóò máa rí.

Alímọ̀ṣọ́ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí a mọ̀ lónìí. Abúlé àti oko àwọn Àwórì ni Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò jẹ́. Láti ìgbà ọlà epo yẹn ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí jẹ oko. Orúkọ àwọn olórí ìjọba ìgbà náà ṣì wà lára àwọn ilé tí ìjọba kọ́ ní àdúgbò wa: Gowon Estate níbí, Shagari Estate lọ́hùn-ún. Àwọn akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò tí wọ́n ti inú Èkó wá ra ilẹ̀ níhìn-ín, àwọn ni wọ́n sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá, títí ìjọba fi ka ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ní Alímọ̀ṣọ́ ní 2006. Nínú wọn ni a ti rí àwọn tí wọ́n wọ Rado.

Ọ̀nà tí Rado gbà dé kò pọ̀. Àwọn kan rà á ní ilé ìtajà ńlá ní Èkó. Àwọn kan rà á bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà rà á ní ilẹ̀ Sáúdí, nítorí pé àwọn Lárúbáwá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, bí àwọn ará Íńdíà àti Pakistan náà ti fẹ́ràn rẹ̀. Bí alhájì tuntun bá dé, tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó fi wúrà sí eyín, tí Rado sì ń kọ mànà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó nílò láti béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀.

Ẹ sì wo bí aago náà ti bá òde àríyá wa mu. Agbádá a máa bo ọwọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ní láti ká a sí èjìká kí a tó rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá wá bọ́ síwájú olórin, tí ó na ọwọ́ láti lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ojú gbogbo òde wà lára ọwọ́ yẹn. Aago tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn òyìnbó ń fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Rado, tí ó fẹ̀, tí wọ́n gé ojú dígí rẹ̀ ní igun-igun lára àwọn kan kí iná lè máa tàn lára rẹ̀, ni ó lè ṣe é.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ẹ̀sùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní ni pé ìrísí rẹ̀ kò dára, pé ó rí gbàǹgbà, pé ó ń pariwo. Òtítọ́ ni pé DiaStar kò jọ aago mìíràn. Ó dà bí ẹyin tí a tẹ̀ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ṣe é ni ó fún un ní ìrísí náà. Ní 1962, kò sí ẹni tí ó lè gbẹ́ irin tí ó le tó bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí a ti ń gbẹ́ wúrà. Ìrísí tí ó rọrùn fún irin náà ni wọ́n fún un. Ọlọ́gbọ́n agbẹ́gilére mọ̀ pé igi ìrókò kò ṣeé gbẹ́ bí igi ọmọ. Kì í sì bú ìrókò nítorí ìyẹn. Nípa ti ariwo, kí ni àlàárì ń ṣe lára ọkọ ìyàwó bí kò ṣe pé ó ń pariwo? Kí ni iyùn ń ṣe lọ́rùn ọba? A kì í wọ ohun ọ̀ṣọ́ kí ó lè dákẹ́.

Ẹ̀sùn kejì ni pé ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, pé ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe é. Òtítọ́ ni èyí náà. Lẹ́yìn tí Seiko ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé aago ọwọ́ quartz àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kejìlá 1969, ìjì ńlá jà ní Swítsàlandì. Àwọn òṣìṣẹ́ aago tí wọ́n tó nǹkan bí 90,000 ní 1970 kò ju nǹkan bí 30,000 lọ mọ́ ní àárín àwọn ọdún 1980. Kí iṣẹ́ má baà parẹ́ pátápátá, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ méjì, ASUAG tí Rado wà nínú rẹ̀ àti SSIH tí Omega wà nínú rẹ̀, di ọ̀kan ṣoṣo ní 1983. Òun ni a ń pè ní Swatch Group lónìí. Nínú agboolé yìí, ẹnìkan ń ṣe ẹ̀rọ, ẹnìkan ń ṣe ilé aago, bí àwọn ará ilé alágbẹ̀dẹ ti ń pín iṣẹ́. Ṣé Rado nìkan ni ó sì jẹ̀bi èyí? Rolex, tí gbogbo olùfẹ́ aago ń júbà fún, ẹ̀rọ Zenith ni ó fi sínú aago Daytona rẹ̀ láti 1988 títí di 2000, àwọn tí ń kó aago jọ sì ń fi owó ńlá wá àwọn Daytona náà kiri títí di òní. Bí ìwà kan bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ tálákà, kò lè di ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀. Ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹta ni pé kò pa owó mọ́: bí o bá rà á lónìí, tí o fẹ́ tà á lọ́la, owó tí ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò pè yóò bà ọ́ nínú jẹ́. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye aago tí owó wọn ń gòkè lẹ́yìn tí a bá ti rà wọ́n kò pọ̀ láyé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn bàbá wa kò ra ohun ọ̀ṣọ́ nítorí àtità. Ta ni ó ra sányán kí ó lè tún un tà? Wọ́n rà á kí ó lè pẹ́ lára wọn, kí ó sì kan ọmọ. Mo mọ̀ pé ìyà jẹ àwọn tí ó di dandan fún láti ta tiwọn, èmi yóò sì padà sórí èyí.

Nígbà tí mo gbọ́ àwọn ẹ̀sùn mẹ́ta yìí tán, ó hàn sí mi pé ẹ̀kẹrin wà lábẹ́ wọn tí ẹnìkan kì í là sórí ahọ́n: irú ènìyàn tí ń wọ Rado. Alhájì Èkó, oníṣòwò Bombay, Lárúbáwá elépo. Àwọn ènìyàn tí owó dé bá lójijì, tí wọ́n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí wọn yóò ti ná an. Èrò tèmi ni pé ẹ̀gàn tí wọ́n ń gan aago, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń gàn. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2017. Rado tún gbé Captain Cook jáde, aago tí òun náà ti kọ́kọ́ jáde ní 1962. Aago róbótó ni, irin lásán ni ilé rẹ̀, ó sì jọ aago àwọn tí ń wẹ̀ lábẹ́ omi tí òyìnbó fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń yínmú tẹ́lẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí yìn ín. Ilé iṣẹ́ kò yí padà, ẹ̀rọ kò di tirẹ̀. Aago náà kàn wá jọ tiwọn ni.

Ẹ̀yà ẹ̀gàn kan tún wà tí ó jẹ́ ti ilé wa, òun ni ó sì burú jù. Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé Rado a máa ṣá, pé a máa sọ ọrùn ọwọ́ di àwọ̀ ewé, pé ọdún méjì ni ó ń lò. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá fi àbọ̀ bá adìyẹ. Akátá tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ayédèrú.

Ní oṣù kẹrin 1982, ìjọba Shagari fi òfin dí ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè lọ́nà nítorí pé owó epo ti lọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí kò tó náírà kan ní 1980 ti lé ní náírà mẹ́ta kí 1986 tó parí. Owó aago tòótọ́ kúrò ní ibi tí ọwọ́ akọ̀wé lè dé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ Rado kò kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ni ayédèrú wá kún ọjà láti Ìdúmọ̀tà dé Òṣòdì, tí ó sì tibẹ̀ dé Ìkòtún. Bàbà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà ni ilé rẹ̀, dígí lásán ni ojú rẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò sì ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ. Ìdákọ̀ró kékeré tí ń yí lójú Rado tòótọ́, wọ́n fi sí ti ayédèrú náà.

Mo bá àwọn tí ń tún aago ṣe sọ̀rọ̀ ní ọjà Ìkòtún àti ní Ìgándò, àwọn tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú àpótí onígíláàsì níwájú wọn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: àwọn Rado tí ń dé ọwọ́ wọn, ayédèrú ni ó pọ̀ jù. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣí i ni àwọn ti mọ̀, nítorí pé ti tòótọ́ a máa wúwo lọ́wọ́, ẹnu abẹ́rẹ́ kì í sì kọ ìlà sí ojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti kékeré, sọ fún mi nípa àwọn ọmọ olóògbé kan tí wọ́n gbé aago bàbá wọn wá láti tà, kí àbúrò wọn lè rí owó ilé ìwé san. Inú àpótí ni ìyá wọn ti ń pa á mọ́ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí ó fi ọ̀bẹ kékeré ha ẹ̀yìn rẹ̀, bàbà pupa yọ. Ó ní wọ́n bú Rado títí wọ́n fi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Rado kò gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ bàbá wọn. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ lu jìbìtì ni wọ́n ń bú, ẹni tí ó lu jìbìtì sì ń jẹun rẹ̀ lọ.

Àmọ́ ṣá o, èmi kò wá láti fọ Rado mọ́ bí ìgbà tí a fi ọṣẹ fọ aṣọ. Àwọn ẹ̀bi kan wà tí kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn.

Èkíní, ohun tí ó le kì í ṣe ohun tí kì í fọ́. Àwa tí ìyá wa ń lo ìkòkò mọ èyí ju àwọn òyìnbó lọ. Ẹ wo ìkòkò: ó ṣòro kí ọbẹ̀ tàbí ìgbákọ tó dá àpá sí i lára, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni sáfírè àti irin líle. Ní 1986, Rado tún bẹ̀rẹ̀ sí lo amọ̀ sísun, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú sirkóníọ̀mù ṣe, tí wọ́n sì sun nínú iná tí ó gbóná ju 1,400 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Ó fúyẹ́, ó ń dán, kò ní àpá. Ṣùgbọ́n bí ó bá já lu ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó lè là. Ariwo àpá ni àwọn tí ń tà á pa jù. Wọn kò pa ariwo fífọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èkejì, bí ó bá fọ́, ta ni yóò tún un ṣe? Dígí sáfírè kò ṣeé gé lábẹ́ agbòòrùn ní Ìkòtún. Ó di kí a ránṣẹ́ sí òkèèrè, owó rẹ̀ sì lè bá owó aago mìíràn dọ́gba. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa fi ń gé dígí lásán rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, aago tí kì í ní àpá ti di aago tí ń ní àpá. Ṣéènì àwọn kan nínú wọn náà, wúrà tí a fi kun irin lásán ni, a sì máa ṣí bí òógùn bá pẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó. Nígbà tí Rado bá fi ẹ̀rọ oníbátìrì tí kò wọ́n sínú ilé olówó iyebíye, ẹwà ara ni ènìyàn ń san owó fún, kì í ṣe ọgbọ́n inú. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn bí ẹni tí ń rà á bá mọ̀. Mo ṣiyèméjì bóyá àwọn bàbá wa mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n ta ni kí a lò? Àwọn olùfẹ́ aago ní òṣùwọ̀n tiwọn: ọgbọ́n ẹ̀rọ, ìtàn, àti iye tí a ó tà á. Ó dára, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí Rado tó dé ni Yorùbá ti ní òṣùwọ̀n ohun ọ̀ṣọ́. A ń béèrè pé: ǹjẹ́ ó ń ṣá? Ǹjẹ́ ó bá ojú ọjọ́ wa mu? Ǹjẹ́ ọmọ lè jogún rẹ̀?

Lórí ìbéèrè kìn-ín-ní, Rado tòótọ́ yege. Dígí àti ilé DiaStar tí ó ti pé ogójì ọdún ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n kó o jáde. Lórí ìkejì, ó yege ju bí àwọn tí ó ṣe é ti lè mọ̀ lọ. Iyanrìn tí ó bo ojú ọ̀nà wa ní Ìgándò, tí ọyẹ́ ń gbé kiri, tí ó wà nínú búlọ́ọ̀kù gbogbo ilé tí a ń kọ́, le ju irin lásán lọ, ó sì le ju dígí lásán lọ. Òun ni ó ń jẹ ojú aago àwọn ẹlòmíràn. Kò le tó sáfírè. Nítorí náà, ẹni tí ó ra Rado ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí iyanrìn àti sìmẹ́ńtì kò ti lópin, kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ohun tí ó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu ni ó rà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà sì tẹ̀lé ọ̀nà yìí bó pẹ́ bó yá: Rolex kò fi dígí sáfírè sí aago rẹ̀ kankan títí di 1970, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn DiaStar, ní 2005 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi amọ̀ sísun yí ojú aago rẹ̀ ká. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ọgbọ́n ni wọ́n pè é.

Lórí ìbéèrè kẹta ni ó ti kùnà. Ohun tí kò ní ẹni tí yóò tún un ṣe nílé, tí ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ṣòro láti jogún. Ọmọ tí ó bá jogún rẹ̀ jogún iyè méjì pẹ̀lú.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ẹ̀gàn tí àwọn olùfẹ́ aago ń gan Rado nítorí ìrísí rẹ̀ àti nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ kò tọ́ sí i. Ẹ̀gàn pé ó ń ṣá, ti ayédèrú ni, kí a dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ̀bi owó àti ẹ̀bi àtúnṣe, tirẹ̀ ni, kí ó gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi fáàrí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú orúkọ búburú rẹ̀, kì í ṣe ti aago rárá. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni aago ńlá kọ́. Bí ìran kan bá gba owó epo, tí ó sì rò pé ìmọ́lẹ̀ ọrùn ọwọ́ ni ọlà, aago kọ́ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo rọ ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín fi Rado sílẹ̀ fún pé kí ẹ mú un jáde nínú àpótí, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́, kí ẹ mọ̀ bóyá tòótọ́ ni tàbí ayédèrú. Bí ó bá jẹ́ tòótọ́, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní ìtìjú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ayédèrú, ẹ mọ ẹni tí ó tọ́ kí ẹ bínú sí.